Ọ̀gá Adésànyà àti Korobá Kan Ṣoṣo

Ẹnu la fi ń ta ọjà, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń ta ọjà yàtọ̀ sí ẹnu tó ń ta ara rẹ̀, ọkùnrin kan sì wà ní Àbújá tó dàgbà tó hewú láìmọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ ti ẹ̀.

Adésànyà lorúkọ ọkùnrin náà. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní dáhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe Olùdarí Àgbà, kí ẹ tó kan Dókítà, kí ẹ tó kan Olóyè, kí ẹ wá fi Adésànyà sí ìdí rẹ̀ bí ẹni so àgbò mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Dókítà yẹn, kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Oyè yẹn, a ò tíì rí ìlú tó fi í jẹ. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìjọba kan gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní òyìnbó tí àwọn olówó fi ń sọ̀rọ̀ òwò, kí òwò wọn lè gbèrú. Bóyá òyìnbó ló ń mú òwò gbèrú tàbí owó, kò sẹ́ni tó bi í.

Ọjà kékeré kan ní Wúyè ló ti fẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀. Níbẹ̀ ni Ràṣídátù, ọmọ Ìwó, ti ń ta ike: korobá, abọ́, ṣágo, àti bùtà aláràbarà táwọn mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní páàkì Jábì kí ọlọ́jọ́ tó dé, ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún un. Òun ni Ràṣídátù fi tọ́ ọmọ, òun ló fi ń sanwó ilé. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba òkèlè lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Adésànyà kọ́kọ́ dé, jíìpù ló gbé e wọ àárín ọjà, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ò ti rọ́nà gbà. Ó wọ kóòtù onípele mẹ́ta nínú oòrùn tó ń yan ẹ̀pà lórí òrùlé. Ẹnì kan di agboòrùn mú sí i lórí, ẹnì kan gbé gíláàsì omi dání, Hafeez sì dúró lápá ọ̀tún. Hafeez ni igbákejì rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju àtẹ́wọ́ lọ. Ó mọ ibi tí gbólóhùn ọ̀gá rẹ̀ máa parí sí, kó tó débẹ̀ ló ti ń pàtẹ́wọ́, kí ẹlòmíì má baà gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni Ọ̀gá Adésànyà wí, “mo wo ọjà yín láti inú ọkọ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Ẹ ń rà, ẹ ń tà, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe ọlọ́jà mọ́. Entrepreneur ni yín.”

Hafeez pàtẹ́wọ́. Nehemiah, ọmọ Kàbà tó ń ta ẹní àti ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Ràṣídátù, bẹ̀rẹ̀ mọ́ obìnrin náà létí, ó bi í bóyá entrepreneur kì í san owó ilẹ̀ ọjà. Ràṣídátù ní kó dákẹ́.

Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe oníbàárà ní oníbàárà mọ́, customer base ni. Ó ní ọjà tí a tò kalẹ̀, product ni. Ó ní kéèyàn jókòó kó máa wo ojú ọ̀nà, kó máa ro ìdí tí èrò ò fi wá, market research nìyẹn. Èyí dùn mọ́ wọn nínú, torí pé láti oṣù Ramadan tó kọjá ni wọ́n ti ń ṣe market research.

Bí gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe di ọjọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á tò sórí bẹ́ǹṣì, Ọ̀gá á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mú èrò wá, àwọn èrò á sì dé, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n á kọrí sí ọjà Útákò. Ká má parọ́ o, àwọn ọ̀rọ̀ kan wúlò nínú ẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé cash flow, pé èèyàn lè ní ọjà rẹpẹtẹ nílẹ̀ kó má rí owó epo mọ́tò, Ràṣídátù mi orí. Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé ó lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ò lẹ́bi. Ẹni tó gbé e dání ló fi ń lu èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó lọ́jà rí, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ò ní, o kì í sọ pé kò sí. Wàá fún un níjòókòó, wàá ní ó wà ní sítọ́ọ̀, wàá gba ẹ̀yìn yọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, wàá mú un wá, wàá lé èrè tìẹ lé e. Bó bá tà, wàá gbé owó ọlọ́jà fún un. Lọ́la, òun náà á wá mú tìẹ. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀ fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í pe oníbàárà tó bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ẹni tó bá dán an wò, yóò rí ẹ̀yìn àwọn obìnrin ọjà ju ojú wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Adésànyà rí Ràṣídátù tó gbé ẹní kan láti ọ̀dọ̀ Nehemiah, tó ń sáré lọ bá oníbàárà rẹ̀. Ó dá gbogbo ọjà dúró. Ó ní ohun tí òun rí yẹn gan-an ló ń pa Áfíríkà. Ó ní òwò kì í ṣe àdúrà ìdílé, competition ni. Kí oníkálukú mú ohun kan ṣoṣo tà, kó pè é ní niche, kó sì máa gba oníbàárà lọ́wọ́ ará yòókù bó bá ṣe lè gbà á. Àwọn obìnrin ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn rí irú ẹ̀. Ọ̀gá wá kó ẹ̀ṣọ́ méjì wá pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, ó pàṣẹ fún wọn pé ọjà kankan ò gbọdọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì, bó jẹ́ òun fúnra òun ló gbé e dání. Hafeez pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn náà.

Ìdánwò ló kàn. Oníkálukú máa dúró, yóò fi òyìnbó ṣe pitch, ìyẹn ni pé yóò polówó òwò rẹ̀ fún Ọ̀gá tó jókòó sórí àga gíga bí olówó tó fẹ́ fowó sí i. Mùfúlíátù, ọmọ Ràṣídátù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ní Gàrkí, ló kọ́ ìyá rẹ̀ nílé. Àbújá ló bí Mùfúlíátù. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá bú u, òyìnbó ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ràṣídátù dìde, ó tún ìborùn so. Ó fi òyìnbó sọ pé brand òun ni korobá, pé korobá òun lágbára, kí wọ́n wá rà á. Ó jókòó. Gbogbo ọjà hó yèè.

Ọ̀gá ò hó. Ó ní ìtàn rẹ̀ dà, ìran tó rí dà, báwo ló ṣe fẹ́ scale up kí òwò rẹ̀ lè gbèrú? Ràṣídátù fi Yorùbá dá a lóhùn pé bí wọ́n bá yé ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun á scale up. Ọ̀gá fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin yìí fìdí rẹmi, òun á gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun á sọ ọ́ di Model Shop, kí ará yòókù máa wò ó kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i. Onígèlè kan wà níbẹ̀ tí ò lè sọ ju “good morning” lọ, ó yege, torí inú kọ̀rọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ti Ràṣídátù wà létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.

Nehemiah sìn ín lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá ní Gàrkí láti lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó títí ara fi ro wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọlé, Ràṣídátù kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní ibòmíì. Ọ̀gá ò gbójú sókè nídìí fóònù rẹ̀.

“Ìyá, disruption ni wọ́n ń pè é,” ló wí. “Ó máa ń dun èèyàn díẹ̀.”

Ó fi kún un pé Alhaji Mukhtar, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ òun, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí Alhaji bá ti wo Model Shop tó fọwọ́ sí i, ṣọ́ọ̀bù di ti iṣẹ́ òun títí láé, òun á sì gba gbogbo ọjà Àbújá lọ bẹ́ẹ̀.

Ràṣídátù kó ike rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Nehemiah, ó so àwọn bùtà mọ́ etí òrùlé, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lódìkejì bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ burúkú.

Wọ́n kun inú ibẹ̀ ní funfun. Wọ́n gbé tábìlì funfun kan sáàárín, òdòdó ike kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, korobá kan ṣoṣo tí wọ́n rà láti òkè òkun sí orí rẹ̀, iná mànàmáná méjì sì tàn sí korobá náà lójú. Kò sí nǹkan mìíràn. Ọ̀gá ní ọjà púpọ̀ ń da oníbàárà lójú rú. Àwọn tó ń kọjá yọjú wò ó, wọ́n ń béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ẹnì kan kú, tó jẹ́ pé korobá rẹ̀ nìyẹn.

Hafeez kó àwọn ọlọ́jà jọ, ó kọ́ wọn ní àtẹ́wọ́. Bí Ọ̀gá bá sọ pé vision, kí wọ́n pa á kíkankíkan. Bó bá dárúkọ Alhaji, kí wọ́n dìde. Bó bá dárúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ pọ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Alhaji Mukhtar sọ̀ kalẹ̀. Àgbà Ìlọrin ni, tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ ti ṣá, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ máa ń ná an lówó kó tó sọ ọ́. Wọ́n fún un ní àga, Ọ̀gá Adésànyà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó kí Alhaji, ó kí ìjọba, ó kí ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ọjà yìí, òkùnkùn ló bo ojú ibú, àwọn ènìyàn ń ta ọjà láìní value proposition. Ó ní òun rí vision. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ń rí i lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n tún pa á. Ibi tí wọ́n ti ń pa á lọ́wọ́ ni ìpè Àsárì dún ní mọ́sáláṣí ìtòsí.

Alhaji dìde. Ó ní kí awakọ̀ òun gbé bùtà wá. Awakọ̀ ní ó ti gbàgbé rẹ̀ sílé.

“Kò burú, inú ọjà la wà,” ni Alhaji wí. “Adésànyà, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ tó o ń pariwo yìí ni n ó ti rà á. Ta bùtà kan fún mi.”

“Alhaji, sà, ẹ káàbọ̀ sínú customer journey wa.”

“Bùtà.”

“Sà, niche wa ni korobá. Bí Alhaji bá lè pivot díẹ̀ sí korobá...”

“Ṣé korobá ni kí n máa gbé dà sí etí mi ni, Adésànyà? Bùtà ni mo pè.”

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà jáde lábẹ́ kóòtù onípele mẹ́ta. Lódìkejì, àwọn bùtà Ràṣídátù ń mì nínú afẹ́fẹ́, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ omi aró. Ọ̀gá ṣẹ́jú sí Hafeez. Hafeez já sáré, ó já ọ̀kan lórí ìso, ó ń bọ̀. Kó tó la ọ̀nà kọjá, fèrè dún, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti mú un lápá. Wọ́n ní ọjà ń gba ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀gá kígbe pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní òun náà kúkú ló sọ pé bó jẹ́ òun fúnra òun, àwọn ò gbọdọ̀ gbà. Wọ́n gba bùtà, wọ́n fi kọ́ ibi tó wà.

Ọ̀gá wá yíjú sí obìnrin náà. “Ìyá oníke. Mú bùtà kan wá fún mi.”

“Rárá o, sà,” ni Ràṣídátù dáhùn láti orí ìjókòó. “Kọmpitíṣọ̀n ni.”

Alhaji bojú wẹ̀yìn. Ó bi í kí lohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ràṣídátù kúnlẹ̀, ó rò ó fún un láìfi iyọ̀ sí i: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù funfun yẹn, ìdí tí wọ́n fi lé e jáde, òfin tí wọ́n ṣe, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí èrò ń lọ sí Útákò. Alhaji gbọ́ ọ tán. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ná bùtà pupa kan, wọ́n jọ fà á díẹ̀, ó sanwó, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣe àlùwàlá, ó sì lọ kírun.

Nígbà tó padà dé, ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yọ fèrè lẹ́nu, ó sì fa àga sí iwájú Model Shop.

“Adésànyà, ta korobá kan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kí wọ́n tó pe Màgàríbì. Fi èdè tó o ń kọ́ wọn tà á fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ. Bó o bá tà á, ṣọ́ọ̀bù di tìẹ, máa kọ́ gbogbo Àbújá lọ. Bó ò bá tà á, dá ṣọ́ọ̀bù padà fún obìnrin yìí, kó o sì lọ máa jókòó sílé títí n ó fi ránṣẹ́ pè ọ́.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn dé ti ẹ̀yìn. Inú Ràṣídátù ni kò dùn. Korobá kan péré ni. Òun ń ta irú ẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Wèrè pàápàá á ta korobá kan.

Mẹkáníìkì kan ló kọ́kọ́ yà, ó béèrè iye rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n má ì tíì bẹ̀rẹ̀ látorí iye, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn. Ọkùnrin náà ní mọ́tò èèyàn wà lórí jáàkì, ó lọ. Ọmọbìnrin kan dé, Ọ̀gá bi í pé kí ni pain point rẹ̀. Ó ní ibi tó ń dun òun ò kàn án, ó pòṣé. Mallam tó ń ta omi nínú kẹ̀kẹ́ dúró, ó kí Ọ̀gá ní sànnu, ó na ọwọ́ sí korobá. Ọ̀gá sọ vision fún un títí omi inú ṣágo rẹ̀ fi ń gbóná. Mallam ní kai, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyá kan tó ń lọ sílé láti ibi iṣẹ́ yà. Ó kan korobá náà wò, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa. Àmọ́ onídèérí lòun ń wá, torí eku ilé òun kì í sùn. Ọ̀gá la ẹnu láti dá a lóhùn, òyìnbó ò sì jáde mọ́. Ó wo ìyá náà. Ó wo oòrùn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ Ràṣídátù níbi tí àwọn korobá onídèérí ti gun ara wọn dókè.

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi Yorùbá ilé baba rẹ̀ bá Ràṣídátù sọ̀rọ̀. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú onídèérí kan wá. Ẹ ṣáà mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lọ́jà.”

Gbogbo ọjà yíjú sí Ràṣídátù. Àṣà ni, ẹnikẹ́ni kì í kọ̀. Ọwọ́ Ràṣídátù ti na ara rẹ̀ sí korobá òkè pátápátá kó tó mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wà lọ́jà, kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún ọ̀tá rẹ̀. Bó bá gbé e fún un, korobá á tà, ṣọ́ọ̀bù á lọ. Nehemiah wo ilẹ̀, kò fẹ́ kí ojú òun pàdé tirẹ̀. Ràṣídátù gbé korobá náà mọ́ra. Ó ṣe ohun tí wọ́n kì í ṣe.

“Ìyá, ẹ máa bọ̀ níbí,” ló pe oníbàárà náà láti òdìkejì. “Onídèérí wà lọ́dọ̀ mi.”

Ìyá náà la ọ̀nà kọjá. Wọ́n nájà, ó rà á, ó gbé e rù. Ọ̀rọ̀ tí Ràṣídátù pè yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro, kò sì rò pé òun á pe irú ẹ̀ mọ́ láyé òun. Ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Níbi tí gbogbo ọjà ti ń wò ó, Hafeez pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, tàbí ọwọ́ ló ṣe é fúnra rẹ̀.

Wọ́n pe Màgàríbì. Alhaji dìde, ó ní ó tó. Ó gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó ní ti ìgbìmọ̀ ni, ó sì ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Ràṣídátù lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa padà dé láti ibi ìrun, Hafeez ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ dè é, ó sì wọlé tẹ̀ lé e. Alhaji ò tíì sọ nǹkan kan tí Hafeez ti ń gbà á gbọ́.

Ó wá ku Adésànyà, òdòdó ike, tábìlì funfun àti korobá. Ràṣídátù wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike rẹ̀ padà. Ó ní kí ọ̀gá bá òun gbé tábìlì kúrò nílẹ̀. Takisí kankan ò gbà láti gbé tábìlì yẹn dé Gàrkí. Ọkùnrin náà dúró tì í, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní ṣé ìyá ò ní rà á.

“Kí lẹ fẹ́ tà á?”

“Ṣé ẹ rí i, tábìlì yìí kì í ṣe tábìlì lásán, ìrírí kan ló...”

Ràṣídátù kẹ̀yìn sí i, ó ń to abọ́ rẹ̀ lọ. Adésànyà dá iye kan. Obìnrin náà dá iye tirẹ̀, Nehemiah tó wà lódìkejì sì húkọ́, torí iye náà ò tó owó igi tí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Ọ̀gá ní kí ó fi díẹ̀ kún un. Kò fi kún un. Ọ̀gá gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó gba owó, ó gbé korobá rẹ̀ dání, ó ti ń lọ.

“Èènì ńkọ́?” ni Ràṣídátù béèrè.

Adésànyà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wo òun. Gbogbo ọjà ló ń wò ó. Ó gbé korobá òkè òkun náà padà sórí tábìlì, ó sì lọ dúró létí títì láti wá takisí.